Ilé-Iṣẹ́ Gẹdú Sapele àti Igbó Ìbíní: Kí Ni A Lè Fi Ilẹ̀ Àtijọ́ Ṣe?

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ lórí ìtàn ìlú tí a ń gbé yìí, kí n sì jẹ́ kó kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo mọ̀ pé ìtàn Ọba àti iṣẹ́ idẹ ni ọ̀pọ̀ yín ń retí, nítorí òun ni gbogbo ayé fi mọ Ìbíní. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn onílé tó ni ín. Ọ̀rọ̀ gẹdú ni mo mú wá, nítorí gẹdú ló mú púpọ̀ nínú àwọn baba wa dé ìlú yìí. Àwọn kan wá láti Oǹdó àti Òkìtìpupa gẹ́gẹ́ bí agégẹdú, àwọn Ìlàjẹ gba ojú omi wá, àwọn ará Ìjẹ̀bú wá ṣòwò pákó, káfíńtà sì wá láti ibi gbogbo.

Ìdí mìíràn tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí ni àríyànjiyàn tó máa ń wáyé ní ìpàdé wa. Bí ẹnìkan bá ti dárúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti kú ní agbègbè yìí, àwọn àgbà á ní kí ìjọba ṣí wọn padà bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti gbọ̀ngàn àríyá sí i, ó parí. Lójú tèmi, ilẹ̀ àti ògiri nìkan ni ìhà méjèèjì ń wò. Ilé-iṣẹ́ tó ń la igi ní ikùn, ohun tí yóò máa jẹ ló yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

BÍ GẸDÚ ṢE DI ÒWÒ ŃLÁ

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun kó Ìbíní ní 1897, kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò òkè òkun fi rọ́ wọ inú igbó wá igi ọ̀gànwó, èyí tí wọ́n ń pè ní mahogany. Nígbà náà kò sí tírátọ̀. Àáké ni wọ́n fi ń gé e. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni yóò di okùn mú, tí wọ́n á máa fi orin wọ́ ìtì igi kan ṣoṣo lórí àwọn igi róbótó tí wọ́n tò sílẹ̀, títí wọn yóò fi dé etí odò. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti dúró de òjò, kí omi lè kún kó gbé e lọ. Gẹdú tó bá pàdánù omi ọdún kan, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ìjọba amúnisìn rí i pé bí wọ́n bá ń gé e lọ bẹ́ẹ̀, igbó náà á tán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààlà igbó ọba, èyí tí àwọn ará oko ń pè ní rìsáàfù. Igbó Okomu, ní ìwọ̀ oòrùn Ìbíní, di igbó ọba ní 1912, ó sì lé ní 1,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ní Sapoba, ní gúúsù ìlú yìí, wọ́n dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni J. D. Kennedy ti fi ọwọ́ sí ètò kan tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbin iṣu àti àgbàdo sí àárín igi gẹdú kéékèèké, tí wọ́n á tọ́jú igi náà fún ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó kúrò lórí ilẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ètò yẹn sọ́kàn, mo máa padà sí irú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ èyí pẹ̀lú. Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà pákó ní Lọ́ńdọ̀n yóò gbọ́ orúkọ ilé níbẹ̀: iroko, opepe, afara, idigbo, abura. Yorùbá ni gbogbo wọn. Obeche tó wà láàárín wọn, èdè Ẹdó ni. Arère ni àwa ń pè é. Igi kan sì wà tí wọ́n fi orúkọ ìlú pè, igi sapele, nítorí ìlú Sapele ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o. Kò sí ohun tó fi hàn jù báyìí lọ pé àwọn ará wa àti àwọn onílé wa jọ wà nínú òwò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ igi ló ń sọ orúkọ rẹ̀.

SAPELE

Ní 1929 ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó méjì ńlá pa pọ̀ di United Africa Company, UAC tí gbogbo wa mọ̀. Gẹ́gẹ́ bíi ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, UAC gba ẹ̀tọ́ láti gé igi nínú igbó Ìbíní. Fún ìgbà pípẹ́, ìtì igi lásán ni wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun, kí àwọn tọ̀hún tó là á. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ní òpin àwọn ọdún 1940, ni ilé-iṣẹ́ tó tóbi gidi dúró sí Sapele, tí wọ́n ń fi la igi tí wọ́n sì fi ń ṣe pláíwúdù. African Timber and Plywood ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n AT&P ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò sí ẹni tó ń gbé láàárín Ìbíní àti Warri nígbà náà tí kò mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí wọ́n fi yan Sapele kò ṣòro láti mọ̀. Odò Ossiomo, odò Jamieson àti odò Ethiope ń ṣàn wá láti inú igbó, wọ́n ń para pọ̀ di odò Benin, ọkọ̀ òkun sì lè wọlé dé Sapele. Igi ń bá omi sọ̀kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń so ìtì igi pọ̀ bí ẹní. Igi tó wúwo tí kò lè léfòó, àárín àwọn tó fúyẹ́ ni wọ́n ń so ó mọ́, kí wọ́n lè gbé e.

Ní 1983 ni mo kọ́kọ́ wọ inú ọgbà náà. Mo jẹ́ ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọba Bendel, wọ́n fi mí kún àwọn tó lọ ṣe àbẹ̀wò. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣe pláíwúdù, nítorí títí di ọjọ́ yẹn mo rò pé ńṣe ni wọ́n ń fi ayùn la igi sí pẹlẹbẹ ni. Rárá o. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ooru omi gbígbóná rọ ìtì igi náà. Wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ tí yóò máa yí i, ọ̀bẹ gígùn kan yóò sì máa bó o gẹ́gẹ́ bí ìyá ọlọ́sàn ṣe ń bó ọsàn láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ já. Èèpo igi náà á máa jáde bí aṣọ tí kò lópin. Wọ́n á gé e, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi àtẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ra: bí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀ lóròó, èkejì á dùbúlẹ̀ níbùú. Ìdábùú yẹn ni agbára pláíwúdù, nítorí ìbùú ni igi ti ń sún kì, kì í sún kì ní òró. Níkẹyìn wọ́n á kó o sínú ẹ̀rọ gbígbóná tí yóò tẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Mo rí òkè ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń fi dáná fún bọ́ílà. Mo rí ilé àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ọmọ Urhobo, Ìtsẹ́kírì, Ẹdó, Ìgbò àti Yorùbá ló wà lẹ́nu iṣẹ́, Píjìn sì ni èdè gbogbo wọn. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, bó ṣe wẹ́dà ni o, bó ṣe apọ́nyùn ni o, kò sí ibi tí kò ti lè rí iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Mo rò pé ohun tí Sapele ṣe jáde tó ju pláíwúdù lọ nìyẹn.

OHUN TÓ PA Á

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá ohun tó pa AT&P, mẹ́sàn-án á ní iná mànàmáná tàbí ìwà ìbàjẹ́. N kò ní jiyàn, ilé-iṣẹ́ wo ni kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa? Lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò SAP sọ náírà di yẹpẹrẹ, ayùn àti bẹ́líìtì tí wọ́n ń rà láti òkè òkun wọ́n bí ojú. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣáájú gbogbo rẹ̀ ni pé oúnjẹ tán.

Ẹ wo bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ètò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé apá igbó tí wọ́n bá ti gé, wọn kò ní padà síbẹ̀ títí 100 ọdún fi pé, kí àwọn igi kéékèèké lè dàgbà. Nígbà tó yá, wọ́n dín in kù sí 50 ọdún. Lẹ́yìn náà wọ́n tún dín in kù sí 25. Nínú ìwé, ìṣirò náà jọ ohun tó bójú mu, ṣùgbọ́n ọ̀gànwó kì í ka ìwé ìjọba. Ó ní iye ọdún tó fẹ́ fi dàgbà. Bí àwọn agégẹdú bá sì ti la ọ̀nà fún ọkọ̀, àwọn àgbẹ̀ á tẹ̀lé ọ̀nà náà wọlé, wọ́n á gbin kòkó, rọ́bà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́. N kò bá àgbẹ̀ jà, ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ṣùgbọ́n igbó tí wọ́n fẹ́ kó sinmi 25 ọdún, kò sinmi rárá.

Ní 1976 ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ìtì igi lásán lọ sí òkè òkun. Wọ́n fẹ́ kí a máa la igi nílé, kí iṣẹ́ lè wà fún àwọn ọmọ wa. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ìlú náà ń kọ́ ilé lójoojúmọ́ pẹ̀lú owó epo rọ̀bì nígbà yẹn, Èkó nìkan tó láti gbé gbogbo pákó mì. Ní ọdún 1976 kan náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ oko ọ̀pẹ ńlá kan lára ilẹ̀ igbó Okomu, èyí tó di ilé-iṣẹ́ Okomu Oil Palm tí a mọ̀ lónìí. Igbó tó kù ní Okomu, apá kan rẹ̀ di ọgbà ìtọ́jú ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní 1999.

Ìpín ilẹ̀ tún dá kún un. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n pín Bendel sí Ẹdó àti Dẹ́ltà. Ilé-iṣẹ́ àti èbúté Sapele bọ́ sí Dẹ́ltà, èyí tó pọ̀ jù nínú igbó tó ń bọ́ ọ sì bọ́ sí Ẹdó. Àwa tí a wà nínú iṣẹ́ ìjọba nígbà náà mọ bí ó ti nira tó láti pín àga ọ́fíìsì, áńbọ̀sì ilé-iṣẹ́. Ikùn wà ní ìpínlẹ̀ kan, ìkòkò ọbẹ̀ wà ní èkejì. Ní àwọn ọdún 1990, agbára AT&P ti tán.

ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ

Kí a má rò pé Sapele nìkan ni. Ní Iwopin, ní ẹsẹ̀ odò ìpínlẹ̀ Ògùn, ìdàkejì ló ṣẹlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ bébà síbẹ̀. Wọ́n gbin igi mẹlíínà lọ súà nínú igbó Ọmọ, ní agbègbè J4, kí ilé-iṣẹ́ náà lè rí nǹkan jẹ. Igi náà dàgbà, nítorí mẹlíínà kì í pẹ́ dàgbà. Ilé-iṣẹ́ ni kò dìde bí wọ́n ṣe pinnu. Àwọn onísọ́mìlì ló wá gé igi bébà náà ṣe pákó òrùlé. Sapele ní ẹ̀rọ, igi tán. Iwopin ní igi, ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́.

Òkò Bàbá ní Èbúté Mẹ́tta, gbogbo ẹni tó bá ti gba afárá Third Mainland kọjá mọ̀ ọ́n, pàápàá èéfín ìyẹ̀fun pákó tó máa ń rú bo ojú omi tẹ́lẹ̀. Gẹdú láti Oǹdó, Ògùn, Ẹdó àti Dẹ́ltà ló máa ń gba ojú ọ̀sà dé ibẹ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ igi tí àwọn ará wa gé nínú igbó Ìbíní, Òkò Bàbá ni wọ́n ti là á. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀ nígbà náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún onísọ́mìlì kéékèèké ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ní ayùn kan, ẹni tó ní méjì. Ìjọba Èkó ti pinnu tipẹ́ pé kí wọ́n kúrò létí omi ìlú, ètò náà sì ju ọwọ́ gómìnà kan lọ kí ó tó kẹ́sẹ járí. Agbowa-Ìkòsì ni wọ́n kọ́ ibùdó tuntun sí fún wọn, tí wọ́n ń pè ní Timberville. Ìjọba rò pé etí ọ̀sà tí ó ṣófo yóò mú owó wá, mo sì gbà pé yóò mú un wá. Ohun tó wù mí nínú ètò Èkó ni pé wọ́n ronú ibi tí àwọn ènìyàn yóò lọ kí wọ́n tó ronú ohun tí ilẹ̀ yóò dà. Ohun tí n kò rí níbẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè mi: igi wo ni Timberville yóò máa là ní ogún ọdún sí i?

Àwọn ọmọ wa tó wà ní England máa ń sọ fún wa nípa ilé-iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n sọ di ibi ìgbafẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Salts Mill wà ní Saltaire lẹ́bàá Bradford, Titus Salt ló ṣí i ní 1853 fún híhun aṣọ. Ó kógbá sílé ní 1986, ọ̀gbẹ́ni Jonathan Silver rà á ní 1987, ó sọ ọ́ di ilé àwòrán, ilé ìwé títà àti ibi iṣẹ́, ìlú kékeré náà sì wọ ìwé àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 2001. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n Bradford àti Leeds wà nítòsí pẹ̀lú ènìyàn tó ní owó àti àkókò láti wo àwòrán ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní Sapele, kí ó kọ́kọ́ ka iye irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Èyí tó jọ tiwa jù wà ní Gánà. UAC kan náà tó ní Sapele ló dá ilé-iṣẹ́ AT&P mìíràn sílẹ̀ ní Samreboi, ní ìwọ̀ oòrùn Gánà, ní 1947. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, èyí ti Samreboi náà sì wó lulẹ̀. Ní 1995 ilé-iṣẹ́ tuntun tó ń jẹ́ Samartex gbà á, wọ́n tún un ṣe, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í la igi àti láti ṣe pláíwúdù. Wọn kò fi mọ sí ẹ̀rọ. Ní òpin àwọn ọdún 1990 wọ́n bá àwọn àgbẹ̀ ìletò Oda-Kotoamso sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbin igi gẹdú sórí ilẹ̀ tó ti ṣá, pẹ̀lú oúnjẹ láàárín rẹ̀. Ṣé ẹ rántí Sapoba? Irú ọgbọ́n yẹn ni, àfi pé ní Gánà, àgbẹ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú igi náà.

Wọ́n tún ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá wa gbọ́. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ó máa ń so èso pupa nísàlẹ̀ ilẹ̀. Àwọn ọmọdé máa ń lá a nígbà tí a wà lóko, ó dùn ju ṣúgà lọ ní ọ̀nà púpọ̀. Àdídùn inú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní thaumatin, àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ lókè òkun sì ń rà á. Samartex ń ra èso náà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, wọ́n ń yọ àdídùn náà tà. Inú igbó, lábẹ́ òjìji, ni ewé yìí ti ń hù dáadáa, nítorí náà ẹni tó ń kó èso rẹ̀ kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé igi tó ṣíji bò ó láìnídìí. Nílé wa ńkọ́? A ń já ewé, a ń ju èso nù.

Ọ̀RỌ̀ TIWA NÍ ÌBÍNÍ

Igbó ńláńlá ti ìgbà baba wa kò ní padà wá lọ́la. Ó lè padà wá o, bí a bá fún un láyè. Àwọn onímọ̀ tó gbẹ́ ilẹ̀ ní igbó Okomu rí èédú àti àpáàdì lábẹ́ igi ńláńlá, èyí tó fi hàn pé àwọn ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí, tí wọ́n ti dáko níbẹ̀ ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, kí igbó tó tún bò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jáde ilé-ìwé ní ọdún yìí kò lè dúró de 700 ọdún.

Igi wo ló wà nílẹ̀ nígbà náà? Rọ́bà ni. Oko rọ́bà yí Ìbíní ká, ti ìjọba, ti ilé-iṣẹ́, ti àwọn ẹbí. Ibùdó ìwádìí rọ́bà ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Iyanomo nítòsí wa láti 1961. Bí wọ́n bá ti kọlà sára igi rọ́bà fún nǹkan bí 25 sí 30 ọdún, omi rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, gígé ló kù. Ọ̀pọ̀ ló ń parí sí ìdí ààrò. Ní Malaysia, irú igi rọ́bà ògbólógbòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi dá òwò àga àti tábìlì ńlá sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1980, wọ́n ń tà á káàkiri ayé. Pákó rẹ̀ funfun, ó rọrùn láti fá, ó sì ń gba ọ̀dà dáadáa.

Kí ló dé tí àwọn onísọ́mìlì wa kì í fẹ́ ẹ? Mo bi wọn léèrè. Wọ́n ní bí o bá la rọ́bà láàárọ̀, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po olú ti bò ó dúdú, kòkòrò sì ti wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, nítorí adùn pọ̀ nínú igi náà. Àwọn ará Malaysia borí rẹ̀ nípa rírì í sínú oògùn kété tí wọ́n bá là á, tí wọ́n á sì gbé e wọ iyàrá ooru kó gbẹ. Iyàrá ooru náà àti àgbá oògùn kọjá agbára onísọ́mìlì kan. Àárín wọn ló yẹ kó jẹ́, kí wọ́n jọ máa lò ó, kí wọ́n máa san owó iye pákó tí wọ́n bá gbé wá.

Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ wà fún. Ó fẹ̀, ọkọ̀ agbégẹdú lè yí po níbẹ̀, ó jìnnà díẹ̀ sí yàrá ènìyàn, ti Sapele tún ní omi. Bí a bá pín in sí pulọ́ọ̀tì, a kò ní rí ilẹ̀ tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó jọ mọ́. Kò sì yẹ kí a retí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò gba gbogbo ènìyàn síṣẹ́ bíi ti UAC. Ní ojú ọ̀nà Sapele níhìn-ín ní Ìbíní, ìjọba Obaseki dá Edo Production Centre sílẹ̀, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké ti ń jọ lo iná kan náà. Bí aránṣọ àti ẹni tó ń ṣe bàtà bá lè jọ lo iná, onísọ́mìlì àti káfíńtà lè jọ lo iyàrá ooru.

Ìdajì igi tó wọ sọ́mìlì kékeré ló sábà máa ń jáde ní pákó. Ìyókù á di èèpo àti ìyẹ̀fun, wọ́n á sun ún nù. AT&P mọ̀ pé ìyẹ̀fun yẹn ni iná. Níbi tí gbogbo wọn bá ti wà papọ̀, ìyẹ̀fun wọn lè máa gbóná iyàrá náà láìra dísù.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù. Ẹ wo wàhálà tó ṣẹlẹ̀ ní 2025 lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn Central Hospital àtijọ́, níbi tí wọ́n kọ́ ilé musíọ̀mù MOWAA sí. Ilé ti dúró, àlejò ti dé láti òkè òkun, kí àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ tó gbóná. N kò ní dá ẹjọ́ yẹn. Àlejò ni wá, a kì í mọ ilé onílé ju onílé lọ. Mo kàn ń sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kankan ní Ẹdó tàbí Dẹ́ltà, àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ tó dé, àwọn ará abúlé tó ń ṣọ́ igbó àti àwọn tó ń la igi lónìí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó. Àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì náà gbọ́dọ̀ jókòó, nítorí igi ṣì wà ní ìhà kan, èbúté ṣì wà ní ìhà kejì.

Ẹgbẹ́ wa kò lágbára láti ṣí ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n a ní onísọ́mìlì, káfíńtà, aláwẹ́dà àti àwọn tó ní oko rọ́bà láàárín wa. Mo ti bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ pé kí a kọ orúkọ àwọn tó ní oko rọ́bà tó ti lé ní 25 ọdún sílẹ̀, pẹ̀lú iye éékà wọn, kí a lè lọ bá àwọn ará Iyanomo pẹ̀lú ohun tó dájú lọ́wọ́. Ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà lónìí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Àwọn tí baba tàbí ọkọ wọn ṣiṣẹ́ ní AT&P, mo mọ̀ pé káàdì ẹnu ọ̀nà wà nínú àpótí yín, ìwé owó oṣù, àwòrán ọjọ́ ìdágbére, bóyá ìwé ẹ̀rí ìkọ́ṣẹ́ pẹ̀lú. Ikán ń jẹ wọ́n. Ẹ mú wọn wá kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a ó dá tiyín padà fún yín lọ́jọ́ kan náà. Bí baba náà bá ṣì wà láyé tó sì lè sọ̀rọ̀, èmi fúnra mi yóò wá bá a nílé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ní ọjọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.